Bàbá Telemachus ti dé, ta ló dá a mọ̀?

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín, tí wọ́n bá dárúkọ Odysseus, bàbá Telemachus, ọba Ithaca nínú ìtàn Gíríìkì àtijọ́, kí ló máa ń wá sí yín lọ́kàn? (Ẹnì kan ní òkun. Ẹlòmíì ní òmìrán olójú kan. Ẹnì kan lẹ́yìn ní àwọn tó ń fi orin pa èèyàn.) Ó da. Àmọ́ ewì tí Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, fi sọ ìtàn ẹ̀, Odyssey, apá 24 ló ní, òmìrán yẹn àti Circe, obìnrin àjẹ́ tó dá a dúró lọ́nà, àti àwọn olórin inú òkun, apá mẹ́rin péré ni ìtàn wọn gbà, láti 9 dé 12, ẹnu Odysseus fúnra ẹ̀ la sì ti gbọ́ ọ, níbi tó jókòó sí láàfin àwọn tó gbà á lálejò. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹlẹ́tàn! Èmi ò ní ó purọ́ o, mo kàn ní kò ku ẹnì kankan nínú àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ tá a lè bi ni.

Láti apá 13 lọ, Ithaca, erékùṣù tó jẹ́ ilé ẹ̀, ló wà. Ìlàjì ewì nìyẹn. Ogun Troy tó lọ jà gba ọdún 10, ojú ọ̀nà gba 10 míì, nígbà tó fi máa délé, ọkùnrin 108 ló ti jókòó pa síbẹ̀, wọ́n ń pa ẹran ẹ̀ jẹ, wọ́n ń mu wáìnì ẹ̀, wọ́n ní kí ìyàwó ẹ̀ yáa mú ọ̀kan nínú àwọn.

Ìdí nìyí tí inú ò fi bí mi sí The Return, fíìmù Uberto Pasolini tó jáde ní 2024, tí àwọn kan ń bínú pé kò sí òrìṣà níbẹ̀, kò sí òmìrán. Fíìmù àtijọ́ ti 1954, tí Mario Camerini ṣe ní Ítálì, tí Kirk Douglas jẹ́ Odysseus, kó òkun àti òmìrán síbẹ̀ dáadáa, ó tiẹ̀ ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn: Silvana Mangano ló ṣe Penelope, ìyàwó Odysseus, òun náà ló ṣe Circe, obìnrin tó ń dá ọkùnrin dúró àti obìnrin tó ń dúró dè é, ojú kan náà.

Nínú ti Pasolini, òkun kàn pọ Ralph Fiennes, tó jẹ́ Odysseus, sí etíkun níhòòhò ni. Nínú ewì, òrìṣà obìnrin kan, Athena, ló fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ọ́ di arúgbó alágbe kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Níbí, kò sí Athena, ogun àti ìyà ló ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ló ti le, torí ọkọ̀ ojú omi 12 ló kó lọ, òun nìkan ló padà, nínú ewì ó lè ní Poseidon, òrìṣà òkun, ni, ó lè ní àwọn ọmọ ọkọ̀ jẹ màlúù òrìṣà oòrùn, nínú fíìmù yìí ta ló máa di ẹ̀bi ẹ̀ rù? Zeus, olórí àwọn òrìṣà, fúnra ẹ̀ ráhùn ní apá kìíní pé aráyé kàn ń di ẹ̀bi ru òrìṣà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka eré Ola Rotimi, The Gods Are Not to Blame, nílé ìwé, mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Ta ló wá dá a mọ̀? Nínú ewì, ajá ni, Argos, tó dùbúlẹ̀ sórí òkìtì ìgbẹ́ ẹran, tí eégbọn bò ó. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀, ó ju ìrù, kò lè dìde, Odysseus yíjú nu omijé kí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn má rí i, ajá bá kú. Mo ti ka ibẹ̀ àìmọye ìgbà, mi ò tíì kà á já láìdúró. Lẹ́yìn náà ìyá àgbà tó tọ́ ọ ń fọ ẹsẹ̀ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ kan àpá ìmàdò lókè orúnkún. Ìyàwó ló kẹ́yìn. Wọ́n ti pa àwọn ọkùnrin yẹn tán, ó ti wẹ̀, ó ti múra, Penelope ò gbà síbẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì síta fún àlejò. Ọkùnrin náà gbaná jẹ! Òun ló fi igi ólífì tó ṣì ń bẹ lórí gbòǹgbò ẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì yẹn, ta ló gé e? Ìbínú yẹn ni Penelope fi mọ̀ ọ́n.

Lóru ọjọ́ yẹn gan-an ló sọ fún un pé òun ṣì máa lọ, òun máa gbé àjẹ̀ lé èjìká, òun á máa rìn wọ inú ilẹ̀ lọ títí òun á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò mọ òkun rí, tí ẹnì kan á ní ṣé ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà lèyí. Penelope ló ní kó sọ ọ́ báyìí, kí àwọn tó sùn. Mi ò tíì rí fíìmù tó ya ibẹ̀.

Ó yá, ta ló ní ìbéèrè?