Ìyà Tí Kì Í Fi Àpá Sára

Ẹ káàbọ̀ o. Ìyà kan wà tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ gan-an lè máà mọ̀ pé ìyà ni. Wọn kò nà án, wọn kò sì febi pa á. Àmọ́ bó bá ti gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún lẹ́nu ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ á já. Á tẹ́tí: ṣé wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn ni, àbí wọ́n jàn án? Á gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á gbọ́ bí wọ́n ṣe ju àpò sílẹ̀. Kí ẹni tó wọlé tó la ẹnu, òun ti mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín, kí òun dákẹ́, tàbí kí òun yára bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí òun kò ṣe.

Ó lè jẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ ọmọ ọdún méje. Bí irú èyí bá di ìgbé ayé ẹni fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ló máa ń ṣe sí ọkàn àti ara? Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn.

Lọ́dún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi PTSD, ìyẹn ìpalára ọkàn tó máa ń tẹ̀ lé ohun ẹ̀rù tó ṣẹlẹ̀ síni, sínú ìwé àìsàn wọn. Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà ni ọmọ ogun tó tojú ogun bọ̀, tàbí ẹni tó yọ nínú ìjàǹbá, ìyẹn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin. Lọ́dún 1992, oníṣègùn ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Judith Herman ṣàlàyé pé èyí kò tó fún àwọn tí ìyà tiwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan: ẹni tó wà ní ìgbèkùn, ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ ń jẹ gàba lé lórí, ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé tí kò lè fi sílẹ̀. Ó dábàá pé kí wọ́n máa pe tiwọn ní complex PTSD, ìpalára ọkàn tó lọ́jú pọ̀. Ó tó ọgbọ̀n ọdún kó tó fìdí múlẹ̀: oṣù Kìíní ọdún 2022 ni àtúnṣe kọkànlá ìwé àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó ka èyí sí àìsàn ọ̀tọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ni wọ́n fi ń dá a mọ̀? Ohun àtijọ́ á máa padà wá bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn á máa sá fún ohunkóhun tó lè rán an létí. Ara kì í balẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. PTSD lásán náà ní àwọn mẹ́ta yìí. Èyí tó lọ́jú pọ̀ tún fi mẹ́ta mìíràn kún un: inú tó ń ru sókè lójijì tàbí tó kú bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ìtìjú jíjinlẹ̀, kéèyàn gbà pé òun kò já mọ́ nǹkan kan, àti ìnira láti sún mọ́ èèyàn, kéèyàn sì dúró tì í.

Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, torí òun ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ọmọ kékeré kò lè gbà pé ẹni tó ń bọ́ òun ló ń ṣe òun níkà. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ta ló kù fún un láyé? Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó sọ pé, "Èmi ni mo burú." Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo burú, ìrètí ṣì wà, mo lè tún ìwà mi ṣe kí wọ́n lè fẹ́ràn mi. Ọgbọ́n tó fi là á já nìyẹn. Ogójì ọdún lè kọjá kó ṣì máa gbọ́ gbólóhùn yẹn nínú orí rẹ̀, kó sì rò pé òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń fi irú ìyà yìí jẹ àgbàlagbà. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo gbọ́ ọ sódì." Lọ́jọ́ kejì: "Gbogbo nǹkan ṣáà lo máa ń sọ di ńlá." Wọ́n á yan án lódì fún ọ̀sẹ̀ kan, títí ẹni tí kò ṣẹ̀ á fi wá bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà, oyin á dé, ẹ̀bùn á dé, ọkàn á sì rọ̀. Níta, èèyàn jẹ́jẹ́ ni ẹni náà, gbogbo ayé ló ń yìn ín. Nígbà tó bá yá, ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún á máa padà sínú fóònù rẹ̀ lóru, á máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ àná, kó lè dá a lójú pé ojú òun kò tan òun jẹ.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ líle ni ìlòkulò o. Kò sí ẹni tí kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ibi tí mo máa ń ní kí èèyàn wò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó bá sọ pé ó dun òun. Ṣé ẹni náà á gbọ́, á tọrọ àforíjì, á sì yí padà? Àbí ìráhùn náà fúnra rẹ̀ ló máa di ẹ̀ṣẹ̀ tuntun? Ilẹ̀ England àti Wales ti ṣòfin lọ́dún 2015 pé kí ẹnì kejì tàbí ará ilé máa jẹ gàba léni lórí báyìí lemọ́lemọ́, láìtilẹ̀ na ẹni náà, ọ̀ràn ni, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sì lè wà nídìí rẹ̀.

Ó kan ìwòsàn. Ìpele mẹ́ta ni Herman là sílẹ̀: ààbò, lẹ́yìn náà ìrántí àti ọ̀fọ̀, lẹ́yìn náà ìpadà sáàárín èèyàn. Ààbò ló ṣáájú. Àwọn tó ń sọ pé "Dárí jì í, gbàgbé" lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìdáríjì kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń fi túláàsì fúnni mu, ẹlòmíràn sì ń rí ìwòsàn láìdé ibẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń jẹ gàba léni lórí, ẹ má kàn dìde lọ lójijì láìmúra, torí ìgbà téèyàn fẹ́ lọ ni irú wọn máa ń le jù. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kó mọ̀ sí i. Ẹ tọ́jú àwọn ìwé pàtàkì yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kó ẹ̀yin méjèèjì jókòó níwájú olùdámọ̀ràn kan náà nígbà tí ìlòkulò ṣì ń lọ. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ lè di ohun ìjà nílé.

Bí ẹ̀rù bá dé lójijì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dárúkọ ohun márùn-ún tí ojú yín ń rí, ẹ jẹ́ kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ. Kò wo àìsàn náà sàn, ó kàn ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé òní la wà. Bó bá wá di pé ẹ̀mí ń súni, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀fọ̀ ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n rò pé ìbínú ló máa jáde, ẹkún ló jáde: ẹkún ìgbà èwe tí wọn kò ní, ẹkún ìyá tàbí bàbá tí wọ́n ṣì ń retí pé ó máa yí padà. Ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀, ẹ kàn má dá nìkan wà.

Àìsàn náà sì lè padà. Bí ọmọ yín bá dé ọjọ́ orí tí ìyà tiyín bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ rò pé ó ti tán lè jí. Kì í ṣe pé ìtọ́jú àkọ́kọ́ já sí asán. Ẹ padà lọ bá olùtọ́jú yín fún ìgbà díẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọmọ ti dé ọjọ́ orí náà, á mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.