Ẹ Kí Wọn Kí Ẹ Tó Gbé Kámẹ́rà: Yíya Fọ́tò Àwọn Tí A Kò Mọ̀ Rí Nílùú Ìlọrin

Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ki ìlú wa nìyẹn. Ẹnu yẹn náà ni ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò èèyàn tí kò mọ̀ rí máa kọ́kọ́ lò, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan kámẹ́rà.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ṣe lè pàdé èèyàn lójú pópó, lọ́jà tàbí níbi ọdún, kí ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀, kí fọ́tò náà dára, kí inú onítọ̀hún sì dùn pé ẹ ya òun. Ọ̀rọ̀ fọ́tò òde ìnáwó kọ́ la fẹ́ sọ o. Níbi ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé onífọ́tò ń bọ̀. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti múra, wọ́n ti kun àtíkè. Ẹni tí ẹ bá lẹ́nu ọjà rẹ̀ ní Ọjà Ọba kò retí yín. Ó lè bi yín pé, “Kí lẹ fẹ́ fi ojú mi ṣe?” Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ ti ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu kí ẹ tó kúrò nílé, kó sì jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi ìkíni. Ẹni tó ń tajà, ẹ kú ọjà. Ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì, tàbí àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò lágbègbè Òkèlele, ẹ kú iṣẹ́. Onídìrí ní ìkíni tirẹ̀: “Ojú gbooro o.” Tí ẹ bá sọ ọ́, yóò dá yín lóhùn pé, “Òòyà á yà á,” yóò sì gbójú sókè wò yín. Bó bá jẹ́ àáfà tó jókòó síwájú ilé lẹ bá, ẹ fi sàlámà ṣáájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, tàbí kí ẹ tẹríba díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ yín nílé. Ní gbogbo àkókò yìí, kí kámẹ́rà wà lọ́rùn yín tàbí nínú báàgì. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sójú èèyàn kó tó kí i ti sọ ara rẹ̀ di àlejò tí wọn kò gbà wọlé.

Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ má lọ́ ọ. “Ìyá, mo ń ya fọ́tò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní Ìlọrin. Ó wù mí kí n ya yín níbi tí ẹ jókòó sí yìí. Ṣé ẹ gbà fún mi?” Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ẹ tún gbàdúrà fún ọjà wọn, kí ẹ máa lọ. Ẹ má bẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi gbà kí ẹ lè kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ojú ẹni tí ó sú kì í dára nínú fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kí ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, torí ẹ ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá béèrè owó, tí ẹ sì ní i, ẹ fún un, kí ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀ náà rárá.

Àwọn onífọ́tò kan máa ń sọ pé téèyàn bá tọrọ àyè, ẹni náà á le gbagidi, fọ́tò á sì bàjẹ́. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí fọ́tò àwọn bàbá wa àgbà tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri pálọ̀. Wọ́n jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ lórí orúnkún, fìlà dúró déédéé, wọn kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa rántí wọn nìyẹn. Seydou Keïta, onífọ́tò ní Bàmákò lórílẹ̀-èdè Mali, ya àwọn ará ìlú rẹ̀ báyìí láti ọdún 1948 wọ àwọn ọdún 1950. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ràn, ọwọ́ níbi tó yẹ kó wà, ojú síwájú. Gbogbo ayé ló ń yẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí lónìí. Nítorí náà, bí bàbá tí ẹ pàdé ní Gérí Àlímì bá kọ́kọ́ tún agbádá rẹ̀ ṣe, tó sì nàró, ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé kó ṣe bí ẹni tí kò rí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, tí ìtàn náà wọ̀ ọ́ lára, ẹ tún gbé kámẹ́rà. Ẹ ti ní ojú méjì báyìí, èyí tó fi hàn yín àti èyí tó gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀, ẹni náà sì mọ̀ nípa méjèèjì.

Ibi tí ẹ máa ní kí ẹni náà dúró sí náà ṣe pàtàkì. Obìnrin onífọ́tò kan wà láti Netherlands, Rineke Dijkstra, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ọ̀dọ́ ní etí òkun ní nǹkan bí ọdún 1992, ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Ẹnì kan dúró, omi àti ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tán. Kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń gbé lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló lò, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn kánjú. Kwara kò ní etí òkun, ṣùgbọ́n a ní etí odò Ọya ní Pàtígi, níbi tí wọ́n ti ń tu ọkọ̀ díje, iyanrìn ibẹ̀ sì máa ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú èèyàn láti ìsàlẹ̀. Láàárín ìgboro, ògiri amọ̀ tàbí ilẹ̀kùn onígi tó ti gbó tó. Tí ọjà bá kún jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ojú ọ̀run lè wà lẹ́yìn orí ẹni náà.

Ó wá kan ìmọ́lẹ̀. Láti bí aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn Ìlọrin wà lókè orí. Yóò sọ ihò ojú di dúdú, yóò sì jẹ́ kí iwájú orí máa dán. Ẹ bẹ ẹni náà kó bọ́ sábẹ́ òrùlé, kó kọjú síta. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìta wọlé yóò bọ́ sójú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ ó sì rí i bó ṣe ń tàn nínú ẹyinjú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ohun tí wọ́n ta bo ìsọ̀ o! Rọ́bà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń ta sórí ọjà ń da àwọ̀ búlúù sójú èèyàn, ojú náà á wá dà bí ti aláìsàn. Ẹ ní kí ẹni náà bọ́ síwájú díẹ̀ kúrò lábẹ́ rọ́bà náà. Nígbà ọyẹ́, eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń sẹ́ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àsìkò tó dára jù lọ fún iṣẹ́ yìí nìyẹn, àmọ́ ẹ wá nǹkan bo lẹ́ńsì yín.

Ọ̀rọ̀ awọ ara wa náà wà ńbẹ̀. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń rò pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun kò dúdú jù, kò sì funfun jù. Bí Àlàájà tó wọ funfun láti òkè délẹ̀ bá dúró níwájú rẹ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú Àlàájà á sì ṣókùnkùn. Nítorí náà, ojú ni kí ẹ wọn, ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Lórí fóònù, ẹ tẹ ojú ẹni náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó dúró síbẹ̀, kí ẹ wá fi ìka fa àmì oòrùn kékeré yẹn sókè tàbí sísàlẹ̀ títí awọ náà yóò fi rí bí ẹ ṣe ń rí i. Ìtàn tó wà lẹ́yìn èyí dùn mí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. “Shirley” ni wọ́n ń pe káàdì náà. Awọ tirẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n, tàwa sì máa ń di dúdú kan ṣáá, tí kò ní ìlà, tí kò ní dídán. Àwọn ẹ̀rọ òde òní ti sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú yín ṣì ni kó dá ẹjọ́ náà.

Nípa lẹ́ńsì, ẹ má súnmọ́ èèyàn jù pẹ̀lú fóònù, torí imú á fẹ̀, etí á sì sá lọ sẹ́yìn. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ lo 2x, èyí tó ń fa àwòrán súnmọ́ni ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà, lẹ́ńsì 50mm tàbí 85mm dára. Ẹyinjú ni kó hàn kedere ju ohun gbogbo lọ.

Ó di ọ̀rọ̀ ọdún. “Ìlú tó tóbi tó báyìí, wọn ò l'éégún, ẹṣin l'eégún ilé baba wọn.” Ìlọrin ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ti dé iwájú ààfin Ẹ́mírì nígbà Dọ́bà, lásìkò Iléyá, mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin á tò wá pẹ̀lú àwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti Gàm̀bàrí, ti Àjíkòbì, ti Àlànàmú àti ti Fúlàní, láwàní lórí, kàkàkí lẹ́nu afunfèrè. Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹṣin tó ń sáré, ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà yára ṣí kó sì yára pa, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn lẹ wá wá, ojú kò sì sí níbi eré ẹṣin tó bí ó ṣe wà ṣáájú rẹ̀. Ẹ tètè dé. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń di gàárì, tí bàbá ń wé láwàní fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ẹlẹ́ṣin ń fún ẹṣin lómi. Àyè ìkíni wà níbẹ̀. Ẹ má kọjá lẹ́yìn ẹṣin, ẹ má sì lo fíláàṣì sójú rẹ̀.

Ní Ìgbómìnà àti ní Ìbòlò, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán, tí iyanrìn ṣì wà lára rẹ̀, kò ṣeé fi sílẹ̀. Níbi tí egúngún bá ti jáde, atọ́kùn ni kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe egúngún. Ohun tó bá sọ pé kí ẹ má yà, ẹ má yà á.

Àwọn kan wà tí mo máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀: ẹni tó ń kírun, ẹlẹ́hàá tí kò sọ fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́, alágbe tó jókòó sí ẹ̀bá títì. Ọmọdé, ẹ rí òbí rẹ̀ kọ́kọ́, àní bí ọmọ náà bá tiẹ̀ ń fò sókè pé kí ẹ ya òun. Bí obìnrin kan bá ní òun kò fẹ́ kí ojú òun hàn, ọ̀nà ṣì wà. Ọdún 1968 ni olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, a kò rí ojú wọn rárá, síbẹ̀ a mọ̀ pé èèyàn gidi ni. Ọwọ́ ìyá oníkòkò nínú amọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn sójà àti ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń ṣọ́, ẹ yẹra fún wọn. Ẹni tó bá gun òkè Sóbì láti ya fọ́tò kó ṣọ́ ibi tó kọ lẹ́ńsì sí, nítorí bárékè wà nítòsí.

Ẹ béèrè orúkọ. Lọ́dún 1936, ní California, Dorothea Lange ya ìyá kan tí ebi ń pa pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Fọ́tò náà kárí ayé. Lange fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò béèrè orúkọ obìnrin náà. Ó di 1978 kí wọ́n tó mọ̀ pé Florence Owens Thompson ló ń jẹ́, ó sì sọ pé ì bá wu òun kí wọ́n má ti ya òun rárá. Ó ní kò sí kọ́bọ̀ tó ti ibẹ̀ wá bá òun, ẹ̀dà tí wọ́n ṣèlérí fún òun kò sì dé.

Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ má jẹ́ gbèsè rẹ̀. Tí wọ́n bá ní WhatsApp, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, torí bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, ó máa ń fún un pọ̀. Ìyá àgbà tí kò lo fóònù ńlá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún un ní ìsọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún béèrè lọ́tọ̀. Ẹni tó gbà kí ẹ ya òun lè má gbà kí gbogbo ayé rí òun. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ohunkóhun tí a lè fi dá èèyàn mọ̀ sí dátà onítọ̀hún, ojú sì wà lára rẹ̀. Fún ìpolówó ọjà, ẹ gba ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ẹni náà bá sì pè yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lórí ìkànnì yín àti nínú fóònù yín, kí ẹ wá ṣí ibi tí fóònù ń kó ohun tí a ti pa rẹ́ sí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀ náà, kí ẹ sì pe ẹni náà padà pé ẹ ti ṣe é.