Kí Ló Kan Alápatà Nínú "Have a Butcher's"?

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ká ní ẹ wà ní East End ní London, bàbá àgbàlagbà kan wá na fóònù ẹ̀ sí yín, ó ní "Have a butcher's at this". Ẹ má wá alápatà kiri o, kò sẹ́ran níbẹ̀. Kẹ́ ẹ wò ó ni bàbá ń wí.

Èdè àwọn Cockney nìyẹn, rhyming slang ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá bí síbi tó ti lè gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì St Mary-le-Bow ní Cheapside, òun ni ojúlówó Cockney. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ba agogo yẹn jẹ́ ní 1941, kò sì tún dún mọ́ títí di 1961, so tá a bá ní ká tẹ̀ lé òfin yẹn délẹ̀, a jẹ́ pé odindi ogún ọdún ni wọn ò fi bí Cockney kankan nìyẹn, ẹ gbà mí o!

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n fẹ́ sọ "look". Wọ́n á wá nǹkan míì tí ìparí ẹ̀ dún bíi "look", wọ́n wá rí "butcher's hook", ìyẹn ìkọ́ tí alápatà ń gbé ẹran kọ́. Look, hook, ẹ gbọ́ ọ àbí? Tó bá mọ síbẹ̀, ẹni tétí ẹ̀ mú ṣì lè já a. Àmọ́ àwọn èèyàn yìí burú, ńṣe ni wọ́n tún gé "hook" yẹn jù nù, tó wá ku butcher's nìkan. Ibi tó bá "look" dọ́gba gan-an ni wọ́n gbé pa mọ́, tẹ́nì kan ò bá là á yé ẹ, wàá kàn máa wò bọ̀ọ̀ ni.

Wọn kì í gé gbogbo ẹ̀ ṣá. "Apples and pears" ni stairs, wọ́n máa ń pè é pé. "Trouble and strife" ni wife (ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o).

Nǹkan bí ọdún 1840 sí 1850 ló bẹ̀rẹ̀, John Camden Hotten sì kó o sínú dictionary slang tó tẹ̀ jáde ní 1859. Àwọn kan ní àwọn olè ló dá a sílẹ̀ kí ọlọ́pàá má bàa gbọ́ wọn, àmọ́ lójú tèmi, àwọn tó ń ti ọmọlanke ta èso àti ẹ̀fọ́ ló jọ pé ó bá mu jù, torí pé oníbàárà dúró síwájú wọn, wọ́n sì fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n máa gbà. Àwọn yìí náà ló máa ń ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, bí àwa náà ṣe ń fi ẹnà bára wa sọ̀rọ̀ lójú ẹni tí ò gbọ́ ọ. "Boy" di "yob", òun náà ni wọ́n ṣì ń pe àwọn ọmọ ìta títí dòní.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "blow a raspberry". Ẹ ti rí i bí ìyá ṣe máa ń gbẹ́nu lé ikùn ọmọ, táá fẹ́ ẹ "púrúrú", tọ́mọ á máa rẹ́rìn-ín kèékèé? Raspberry èso kékeré pupa ni, àmọ́ "raspberry tart" ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, tart yẹn ló bá "fart" dọ́gba, iṣó! Wọ́n ti gé tart kúrò, ni gbogbo èèyàn bá ń sọ ọ́ níwájú àlejò láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni.

Wọn ò sì tíì ṣíwọ́. Ruby Murray, ọmọ Belfast, olórin tó gbajúmọ̀ gan-an ní 1955, orúkọ ẹ̀ ti di curry, ìyẹn ọbẹ̀ àwọn ará Íńdíà. Tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ jẹ Ruby, ẹ tẹ̀ lé wọn jàre. Ní 2009, àwọn ATM kan ní East London ń sọ Cockney, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ń bi yín pé èló ni "sausage and mash" tẹ́ ẹ fẹ́, cash ló ń bèèrè.

Ti owó ṣì pọ̀ o, àwọn míì ò tiẹ̀ bá nǹkan kan dọ́gba. "Pony" ni £25, "monkey" ni £500. Fídíò tó ń bọ̀ la máa fi sọ ìyẹn, àmọ́ kó tó dé, tí oní-mọ́tò kan ní East End bá ní kẹ́ ẹ gbé monkey méjì wá, £1,000 ló ń pè é o, ẹ yáa ná an wálẹ̀.