Ọjọ́ Kelòó Lẹ Wà? Ìwúrí Láàárín Àwọn Tó Ń Gba Kímò fún Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ yìí ní Òfà, tí wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn lóògùn jẹjẹrẹ ni mo ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún iṣẹ́ mi. Mi ò ní fi gbogbo àkókò yín sọ nípa àìsàn náà, àwọn dókítà ti ń ṣe ìyẹn. Ohun tí mo bá wá ni ohun tí aláìsàn lè ṣe fún aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí èmi tí mo wọ aṣọ funfun ò lè ṣe láé.

Ọkùnrin kan wá gba kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n máa ń fi dírípù fún èèyàn, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọlọ́jà ni, láti apá Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo ti ṣàlàyé gbogbo ohun tó yẹ fún un, ó ń mi orí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò gbọ́ ìdajì nínú ọ̀rọ̀ mi. Bàbá kan jókòó sórí àga kejì, dírípù tirẹ̀ náà ń kán. Ó bojú wò ó, ó ní, "Àbúrò, tòní kọ́ ni wàhálà. Lónìí wàá jẹun, wàá sọ̀rọ̀. Ọ̀tunla lẹsẹ̀ á wúwo, oúnjẹ á dà bí ìyàngbò lẹ́nu. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, má bá a jà, lọ dùbúlẹ̀. Tó bá fi máa di ìparí ọ̀sẹ̀, ìwọ fúnra rẹ á jáde síta." Ó wá fa ṣíbí onígi kan yọ nínú àpò. "Wá irú èyí. Tó o bá fi ṣíbí irin jẹun, á máa ṣe ẹ́ bíi pé ìṣó lò ń lá." Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn láti àárọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí Bàbá yẹn ò sọ. Kò ní "má rò ó". Kò ní "kò sóhun tó ń ṣe ẹ́". Ọjọ́ ló kà fún un. Ẹni tó mọ bí ọ̀la ṣe máa rí, ẹ̀rù ọ̀la náà á dín kù lọ́kàn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo rò pé ó dáa kí ẹni tó ti jáde nínú kòtò padà wá sí etí rẹ̀, kó máa júwe ibi tí a ó fẹsẹ̀ tẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1952, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Terese Lasser, tí wọ́n ti gé ọmú tirẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún lórí ibùsùn wọn. Àwọn dókítà kan ò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ yẹn ti wọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ báyìí.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ọjọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Ọ̀pọ̀ kímò ẹ̀dọ̀fóró, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń pín in. Wọ́n á fún èèyàn lóògùn, ara á sinmi, ọjọ́ 21 á pé, a óò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sábà máa ń jẹ́. Oògùn méjì ni wọ́n sábà máa ń pa pọ̀: cisplatin tàbí carboplatin, pẹ̀lú òmíràn bíi paclitaxel, gemcitabine, pemetrexed tàbí etoposide. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pín ni wọ́n ń pa. Jẹjẹrẹ ń yára pín, ṣùgbọ́n gbòǹgbò irun náà ń yára pín, bẹ́ẹ̀ ni awọ inú ẹnu àti ti ìfun, bẹ́ẹ̀ sì ni mùdùnmúdùn inú egungun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń bó, tí irun ẹlòmíràn fi ń re ní bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta. Irun á tún hù. Kì í sì í ṣe gbogbo oògùn ló ń mú un re, nítorí náà ẹ má fi orí ẹnìkan wọn ti ẹnì kejì.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, èébì ni ìjà. Ẹni tó ti gbà á rí á sọ fún yín pé oògùn èébì, kí èébì tó dé la ti ń lò ó. Ẹ má ṣe é lọ́jọ̀ torí pé ara ṣì dá. Atalẹ̀ díẹ̀ nínú omi gbígbóná máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọkọ̀ láti Òmù-Àrán tàbí Òfà lọ sí Ìlọrin, iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó sí bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, kí ọ̀rá wà lọ́wọ́.

Láti bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, ọ̀tọ̀ ni ewu tirẹ̀, ẹ̀rín kò sì sí níbẹ̀. Àsìkò yẹn ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń bá kòkòrò àìsàn jà, máa ń dín kù jù. Ojú aláìsàn lè dá ṣáṣá, kó máa rìn kiri. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí tẹmọ́mítà, ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ yẹn, kì í ṣe àárọ̀ ọ̀la, kì í sì í ṣe kẹ́mìsì ìtòsí. Kí ó má lo parasitámọ́ọ̀lù kó tó wọn ara rẹ̀, nítorí ó lè bo ibà yẹn mọ́lẹ̀ nígbà tí kòkòrò ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ wá wò ó: nígbà tó jẹ́ pé "báwo lara?" ni gbogbo èèyàn ń béèrè, ẹni tó ti gba kímò rí á pè lórí fóònù, á ní, "Ọjọ́ kelòó lẹ wà? Ẹ ti wọn ara yín lónìí? Ta ló máa gbé yín bó bá di òru?" Bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹwàá ni, kò ní kó èrò ìsọmọlórúkọ wá kí yín. Onímọ́tò tó máa gbé yín lóru, ẹ ti bá a sọ ọ́ nígbà tí ojú ṣì mọ́.

Ọmọ Ìlọrin kan wà tó ń hun aṣọ òkè. Lẹ́yìn kímò bíi mélòó kan, ó ní òun ò mọ òwú lára mọ́. Bí òwú bá já lábẹ́ ìka òun, ojú lòun fi ń rí i. Ó ti gbà pé àwọn ayé ló dé, ó sì ń fi pa mọ́ fún wa. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbàtọ́jú ló bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń ṣe é bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà ní paclitaxel ni, tòun náà rí bẹ́ẹ̀, kó lọ sọ fún dókítà kó tó burú. Wọ́n dín oògùn náà kù fún un. Bí èmi ni mo sọ ọ́, mo rò pé á ní nọ́ọ̀sì ò mọ ohun tí ayé ń ṣe.

Ìbéèrè kan wà tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fi sílẹ̀: "Ṣé ó máa ń mu sìgá ni?" Sìgá ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, láti 1950 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti gbé ìwádìí wọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí ń mú ẹni tí kò fi sìgá kan ẹnu rí. Ní 2012, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fà á. Ní 2013 wọ́n fi afẹ́fẹ́ ìta tó dọ̀tí kún un. Èéfín igi nínú ilé ìdáná wà nínú èyí tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe gan-an. Ìyá tó yan gààrí títí ó fi di ìyá àgbà, tí wọ́n wá ń bi léèrè sìgá! Ẹni tó mu ún náà ńkọ́? Ó ti mọ̀. Bó bá ṣì ń mu ún, bá a wá bó ṣe máa jáwọ́, nítorí ó ṣì ń ṣe ara láǹfààní nígbà ìtọ́jú.

Ikọ́ tún ń dá kún ìtìjú náà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́jú bí oníkọ́ ẹ̀gbẹ, táwọn ará ilé sì ti ya ife wọn sọ́tọ̀. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ní tòótọ́, aláìsàn ló yẹ kó máa sá fún ọ̀fìnkìn tiyín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fún ẹlòmíràn níwùúrí, ẹ má sọ ara yín di dókítà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò, kì í ṣe kímò, nítorí irú ìyípadà tí wọ́n bá nínú jẹjẹrẹ wọn. Ìyẹn ò sọ pé ẹni tó ń gba dírípù ti ṣìnà. Àgbo náà, mi ò wá síbí láti bú u. Ẹ ṣáà ti sọ fún dókítà bẹ́ ẹ bá ń mu ún, nítorí kíndìnrín tí cisplatin ń dà láàmú lè má lè gba ẹrù kejì.

Bí Ramadan bá dé ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yìí máa ń le. Nọ́ọ̀sì á ní kẹ́ ẹ mu omi, ọkàn á ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀. Súrà Bákárà, ẹsẹ 184, ti fún aláìsàn láyè láti gbà á lọ́jọ́ mìíràn. Mo ti rí i tí Alhaja kan sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Èmi ò gbà á lọ́dún tó kọjá, Alfa mi ló ní kí n jẹun." Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀.

Ikú ńkọ́? Nínú ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn báyìí, ẹnìkan á ṣaláìsí, àwọn yòókù á sì mọ̀. Ẹ má purọ́ pé ó rìnrìn àjò. Ẹ sọ ọ́, ẹ kẹ́dùn, kí ẹni tó bá fẹ́ sinmi kúrò nínú ìpàdé sinmi. Kẹ́ ẹ sì tètè béèrè àwọn tó ń tọ́jú ìrora àti ìdààmú ọkàn nílé ìwòsàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 ní Amẹ́ríkà, tí aláìsàn 151 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn kálẹ̀, tí wọ́n tètè rí irú ìtọ́jú yẹn, kò ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó àwọn yòókù, ẹ̀mí wọn sì gùn díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde. Ó ní bàbá àwọn ń gba kímò, àmọ́ omi inú ẹ̀dọ̀fóró làwọn sọ fún un. Ó ní ṣé àwọn aláìsàn wa lè wá bá Bàbá sọ̀rọ̀? Mo ní rárá, kò tíì tó àkókò, nítorí ẹ ò lè ní kí ẹni tó ń ṣàìsàn wá bá yín purọ́. Mo ní Bàbá yẹn ń jókòó sáàárín àwọn tí irun wọn ti re lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí tiyín. Kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ rí dókítà, kí wọ́n jọ bi Bàbá pé, "Kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa àìsàn yín?" Ohun tó bá béèrè ni kí wọ́n dáhùn. Ó ní ìgbà wo ni kí àwọn ṣe é. Mo ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ara Bàbá bá fúyẹ́, kí wọ́n má sì kó èrò lẹ́yìn.