Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹṣin Tí Ẹ̀rù Ń Bà Kí Ọjọ́ Ojúde Ọba Tó Dé

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin wọ iwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹwà ẹni tó wà lórí gàárì ni ojú wa máa ń lọ sí. Lónìí, ẹṣin fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ wò, pàápàá ọmọ ẹṣin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, àti ẹṣin tí ìyà ti jẹ rí tí kò sì gbọ́kàn lé ènìyàn mọ́. Bí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ bá nà ró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láàrin èrò, àwọn ènìyàn a ní alágídí ni, ẹni tó gùn ún a sì túbọ̀ fa ìjánu le. Ní tiwa, a gbà pé ẹ̀rù tàbí ìrora ni ó sábà máa ń fa irú ìwà bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ kò lè kọ́ ẹṣin náà ní ohun tí yóò bá a kalẹ́.

Ẹ wo ibi tí ojú ẹṣin wà. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ó wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nítorí náà ẹṣin lè rí ohun gbogbo tó yí i ká, àfi ibi kékeré kan níwájú orí rẹ̀ gan-an àti ibi kan tó tààrà lẹ́yìn ìrù rẹ̀. Ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni, eré sísá sì ni ohun ìjà rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ọ̀rá kan kọjá, yóò kọ́kọ́ sá, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó yíjú padà wo ohun tó lé e. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ̀yìn yọ sí ẹṣin láìfọhùn. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni kí ẹ ti máa bọ̀, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa wo etí rẹ̀: bí ó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn orí, tí ìrù rẹ̀ ń jà, tí funfun ojú rẹ̀ sì ń hàn, ẹ dúró níbi tí ẹ dé.

Plutarch, òǹkọ̀wé ará Gíríìkì àtijọ́, ròyìn ẹṣin kan tó ń jẹ́ Bucephalus, èyí tí wọ́n mú wá fún Fílípì ọba Makedóníà, tí kò sí ẹni tó lè gùn ún. Alexander, ọmọ ọba, ẹni tó ṣì kéré nígbà náà, ṣàkíyèsí pé òjìji ara rẹ̀ ni ẹṣin náà ń bẹ̀rù. Ó yí i kọjú sí oòrùn kí òjìji náà lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lára, ó sì gùn ún. Gbogbo àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ló rí ẹṣin náà, ṣùgbọ́n ọmọ yìí nìkan ló béèrè ohun tó ń dẹ́rù bà á.

Kí a tó máa wá ẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí a wá ìrora. Ẹnu ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọdún 2 ààbọ̀ sí ọdún 5 ni eyín ọmọdé ẹṣin ń já tí eyín àgbà ń hù, ó sì bọ́ sí àkókò tí a ń fi ìjánu sí i lẹ́nu. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ẹṣin kan ní eyín kékeré kan tó hù síwájú èrìgì, ìyẹn eyín tí ẹṣin fi ń lọ oúnjẹ, ní ibi tí irin ìjánu ń gbá, tí ó sì lè máa dùn wọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá fa okùn. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ á máa ju orí sókè, wọn á sì máa nà án ní pàṣán nítorí rẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹranko kí ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí. Bí ó bá ń sá fún ọwọ́ yín níbì kan, tàbí bí irun funfun bá wà ní ojú ibi tí gàárì ń jókòó sí, gàárì tí kò bá a lára mu ti ń pa á lára. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò pẹ̀lú, nítorí ó yẹ kí a máa gé pátákò ẹṣin ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹṣin ni a ń jẹ́ kí tirẹ̀ gùn títí ìrìn rẹ̀ yóò fi yí padà.

Ikùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Omi kíkan inú ikùn ẹṣin kì í dáwọ́ dúró, ì báà jẹun, ì báà má jẹun, nítorí pé a dá a láti máa jẹ koríko díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí a bá so ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìsí koríko níwájú rẹ̀, omi náà lè dá ọgbẹ́ sí ikùn rẹ̀, inú ẹṣin náà á sì máa tètè bí. Ẹṣin tó wọn 400 kìlógíráàmù nílò nǹkan bí 8 kìlógíráàmù koríko gbígbẹ lójúmọ́, pẹ̀lú omi tó mọ́ tí kò gbọdọ̀ tán. Èèrí àti ọkà bàbà kò burú, ṣùgbọ́n bí a bá rọ́ wọn sí i lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè sanra kí ọdún tó dé, ìyẹn lè fa inú rírun tàbí àrùn pátákò tí yóò sọ ọ́ di arọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa gidigidi. Láti ayé àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ Ilé ni a ti ń ra ẹṣin láti òkè Ọya, nítorí pé eṣinṣin tsetse ń gbé àrùn tó ń pa ẹṣin ní ilẹ̀ igbó. Púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí a ń rí ní ìhà tiwa lónìí ṣì ń ti ibẹ̀ wá, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì ń bá dé. Ẹṣin tó ti dúró nínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò yẹ ní dídì ní gàárì lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí àrùn náà tètè ń mú ẹṣin.

Ní ti ọmọ ẹṣin, oṣù 11 ni ìyá rẹ̀ ń lóyún rẹ̀. Ó yẹ kí ó dìde láàrin wákàtí kan tí a bí i, kí ó sì mu ọmú láàrin wákàtí 2, nítorí inú omi ọmú àkọ́kọ́ ni ó ti ń gba ààbò lọ́wọ́ àrùn, ara rẹ̀ kò sì lè gba ààbò náà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ọwọ́ ènìyàn láti kékeré, kí ó kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kánjú gùn ún. Egungun ẹ̀yìn ẹṣin kì í gbó tán títí ó fi tó ọdún 5 tàbí 6. A lè bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ní ọdún 3 sí 4, kí ẹni tó fúyẹ́ sì ni ó wà lórí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ rọra fa okùn ọrùn rẹ̀, kí ẹ má ṣe já a gbà. Bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan péré síwájú, ẹ dẹ okùn náà lójú ẹsẹ̀, nítorí dídẹ̀ tí okùn dẹ̀ ni ó fi ń mọ̀ pé ohun tí òun ṣe tọ̀nà. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́, kò ní mọ ohun tí ìdẹ̀ra náà wà fún. Ibí yìí ni a ti ń ba ọ̀pọ̀ ẹṣin jẹ́ láìmọ̀: ẹṣin nà ró, àyà ẹlẹ́ṣin já, ó dẹ ìjánu, ó sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ parí fún ọjọ́ náà. Ẹṣin náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, ìyẹn ni pé nínà ró ni a fi ń gba ìsinmi. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó fún ọmọ ẹṣin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá ṣe dáadáa.

Ìlù àti ìbọn ṣakabùlà ni ó le jù. Àwọn kan máa ń so ẹṣin mọ́ òpó, wọn á ní kí wọ́n máa lu ìlù létí rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò tíì gbà pé kò séwu. Ó ti sọ ìrètí nù ni, ẹ̀rù náà ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì lè bú jáde láàrin èrò lọ́jọ́ ọdún. Ohun tó dára ni kí onílùú dúró jìnnà, ní ibi tí ẹṣin yóò ti máa gbọ́ ìlù tí yóò sì ṣì máa jẹ koríko rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ díẹ̀, kí onílùú súnmọ́ ọn díẹ̀ sí i, kí ó sì padà sẹ́yìn bí ẹṣin bá ti gbé orí sókè tí kò jẹun mọ́. Nígbà mìíràn, kí onílùú máa rìn lọ níwájú, kí ẹ sì mú ẹṣin tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nítorí ohun tó ń lọ fún un kì í bà á lẹ́rù bí ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Bákan náà ni ti ìbọn, ṣùgbọ́n kí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn gan-an. Ẹ jẹ́ kí àgbà ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, nítorí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń gbà, a kò lè ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún.

Ẹṣin tí ìyà ti jẹ rí ń fẹ́ sùúrù ju èyí lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò tíì rí gàárì rí. Ẹ wọ inú ọgbà rẹ̀, kí ẹ dúró láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yí ẹ̀yìn padà kí ẹ lọ nígbà tí ó bá fi ara balẹ̀ wò yín. Nígbà tí ó bá rẹ orí sílẹ̀, tí ó mí kanlẹ̀, tí ó sì sinmi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ẹ lè fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Xenophon, jagunjagun ará Gíríìkì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2,400 sẹ́yìn pé a kò gbọdọ̀ fi ìbínú tọ́ ẹṣin. Bí inú bá ń bí yín lọ́jọ́ kan, ẹ fún un ní koríko, kí ẹ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ di ọ̀la.

Nígbà tí ayẹyẹ bá parí, ẹ tú gàárì rẹ̀ lábẹ́ ibòji, ẹ fún un lómi, ẹ da omi sí i lára kí ara rẹ̀ lè tutù, kí ẹ sì mú un rìn títí èémí rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Ẹ tún ẹnu, ẹ̀yìn àti pátákò rẹ̀ yẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá ń wo ìhà rẹ̀ léraléra, tí ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, tí ó ń fẹ́ yí gbirigbiri, tí kò sì yàgbẹ́, inú ń run ún nìyẹn. Ẹṣin kò sì lè bì. Ẹ gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ pe dókítà ẹranko lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.