Iye Àkọ́sọ Ló Ń Pa Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ quantity surveyor (àwọn tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ilé kíkọ́) àti ẹnjiníà sọ nìyí. Mo yọ àwọn ibi tí mo ti tún ara mi sọ jù kúrò, àmọ́ mo jẹ́ kí àwàdà wà níbẹ̀.

Alága, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ sá jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn kí ẹ lè tètè dé ìdí oúnjẹ, mo kí gbogbo yín. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni wọ́n fún mi. Ẹni tó ka ìtàn ìgbésí ayé mi sétígbọ̀ọ́ yín ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yáa wọlé.

Àkọlé tó wà nínú ìwé ètò ni "Ìṣirò Owó Iṣẹ́ Nínú Ilé Kíkọ́ àti Ọkọ̀ Òfurufú". Ẹnìkan ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló pa bíríkìlà pọ̀ mọ́ bàálù. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ní kó wá sọ iye tí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì yà tán sórí ìwé máa jẹ. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ dákun, ẹ má gbàgbé èyí: iye àkọ́sọ, iye tí a dá kí àwòrán tó pé, òun ló ń pa iṣẹ́. Ẹ máa ń ní sìmẹ́ǹtì ló wọ́n, ẹ máa ń ní òjò ni, ẹ máa ń ní ọmọ onílẹ̀ ni. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ẹ ti san tiyín.) Gbogbo ìyẹn ń dun iṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ náà ti ń ṣàìsàn kí wọ́n tó débẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò owó iṣẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, AACE ni wọ́n ń pè é. Wọ́n pín ìdíyelé sí ipele márùn-ún, láti Class 5 tí kò dájú rárá títí dé Class 1 tó dájú jù. Ọ̀pọ̀ yín ti kà á fún ìdánwò, ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ní Class 5, ohun tí a ti là sílẹ̀ nípa iṣẹ́ náà kò ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Fún iṣẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ìfọpo, ohun tí wọ́n kọ ni pé owó tí iṣẹ́ náà máa gbà gan-an lè fi ìdá 20 títí dé 50 dín sí ohun tẹ́ ẹ kọ, ó sì lè fi ìdá 30 títí dé 100 lé e. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: iṣẹ́ tẹ́ ẹ pè ní bílíọ̀nù kan lè parí sí bílíọ̀nù méjì, kí ẹnikẹ́ni má jalè, kí ẹnikẹ́ni má sì purọ́. Kódà ní Class 1, tí àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán, wọ́n ṣì fi àyè ìdá 3 títí dé 15 sílẹ̀ lókè.

Ẹ wá wo ohun tí àwa ń ṣe. Oníbàárà á fi fọ́tò ilé kan tó rí ní Dubai ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Eélòó ni irú èyí á gbà ní Lẹ́kí?" Kó tó di alẹ́, ọmọ wa ti fèsì: ₦187,436,215.50. Àádọ́ta kọ́bọ̀! Kò tíì débi ilẹ̀ náà, kò mọ̀ bóyá àbàtà ni tàbí iyanrìn, kò mọ̀ bóyá wọ́n máa gún òpó wọlẹ̀ tàbí wọn ò ní gún un, ṣùgbọ́n ó ti mọ kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí oníbàárà gbà á gbọ́. Mo sì mọ ibi tí ẹ ti ń rí irú iye bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń ṣí BoQ, ìwé tí a to ohun èlò àti owó wọn sí, ti iṣẹ́ èṣí, ẹ ó yí orúkọ padà, ẹ ó bu owó lé e. BoQ ilé ìwé kan ti kọjá lọ́wọ́ mi tí ibùsùn aláìsàn wà nínú rẹ̀.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó ti Sydney Opera House l'Ọsirélíà. Ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀ rí, ilé funfun etí omi tí òrùlé rẹ̀ yọ sókè bí ìgbòkun. Lọ́dún 1957, Jørn Utzon, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló jáwé olúborí nínú ìdíje àwòrán rẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ dára lójú, àmọ́ kò sí ẹnjiníà tó tíì ṣírò bí òrùlé yẹn ṣe máa dúró. Síbẹ̀ wọ́n dá iye: mílíọ̀nù 3.5 pọ́n-ùn Ọsirélíà, èyí tó di mílíọ̀nù 7 dọ́là nígbà tí wọ́n yí owó wọn padà. Joseph Cahill, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales, ń fòyà pé bí òun ò bá sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n á pa iṣẹ́ náà tì. Ló bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní March 1959, àwòrán pé ni, kò pé ni. Ọdún yẹn ò parí tí Cahill fi kú.

Wọ́n ti gbé àwọn òpó ìsàlẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí òrùlé ṣe máa wúwo tó. Ìgbà tí Utzon àti àwọn ẹnjiníà Ove Arup wá rí ọgbọ́n rẹ̀ dá, pé kí wọ́n gé gbogbo apá òrùlé náà bí ẹni pé láti ara bọ́ọ̀lù ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá, àwọn òpó yẹn ò lè gbé e. Wọ́n ní láti wó wọn, kí wọ́n tún wọn kọ́. Ẹ rò ó wò ná: kọnkéré tó ti gbẹ, irin tó ti wà nínú rẹ̀, owó tí wọ́n ti san fún un, owó tí wọ́n tún máa san láti wó o, owó tí wọ́n tún máa san láti kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sanwó òpó kan. January 1963 ni wọ́n ní àwọn á parí; October 1973 ni Ọbabìnrin Elizabeth tó ṣí i. Mílíọ̀nù 102 dọ́là ló gbà, owó lọ́tìrì ni wọ́n sì fi san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Utzon ti bínú kúrò níbẹ̀ láti 1966, kò sì padà wá wò ó títí tó fi kú.

Àwọn ayàwòrán ilé máa ń bá mi jà lórí èyí. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i, gbogbo ayé ló ń lọ wò ó, ta ló tún rántí owó?" Èmi rántí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi pé kí n máa ṣe nìyẹn.

Ẹ má wá rò pé àwọn tó ń rán nǹkan lọ sójú sánmà gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. James Webb, awò ńlá tí NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ń wo àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà jù, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1990, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2010, ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e lórí, wọ́n ní àwọn ẹnjiníà ò jẹ̀bi, iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Ìwé owó ló bàjẹ́: nígbà tí wọ́n buwọ́ lu iṣẹ́ náà, wọn ò tún owó rẹ̀ ṣírò láti ìsàlẹ̀ wá, ewu tí wọ́n ti mọ̀ pé ó wà níwájú, wọn ò fowó sí i. Iye àkọ́sọ lẹ́ẹ̀kan sí i! Wọ́n tún un ṣírò lọ́dún 2011, wọ́n ní bílíọ̀nù 8 ni kíkọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá, kó sì gbéra lọ́dún 2018. Ọdún 2018 dé, wọ́n gbé e síwájú ariwo ńlá láti dán an wò, síkúrúù àti wáṣà jábọ́ lára ohun tó bo aṣọ ìṣíji rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹnìkan ti fi oògùn ìfọ̀ tí kì í ṣe èyí tó yẹ fọ àwọn fáàfù rẹ̀. Ọjọ́ Kérésì 2021 ló tó gbéra, owó rẹ̀ sì ti ń lọ sí bílíọ̀nù 10.

Ibi tí mo dé nìyí tí ọ̀dọ́bìnrin kan fi nawọ́. Alága fẹ́ ní kó dúró di àsìkò ìbéèrè, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣeun sà. Ẹ ní ká má máa sọ iye kan. Bí mo bá sọ fún oníbàárà pé ilé ẹ̀ á gbà tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù sí igba mílíọ̀nù, ṣebí ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é ní àádọ́fà ló máa lọ? Onítọ̀hún á gbaṣẹ́, á wá máa bu owó lé e díẹ̀díẹ̀. Èmi olóòótọ́ á jókòó sílé."

Yàrá hó yèè. Pátẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un pọ̀ ju gbogbo èyí tí wọ́n ti pa fún mi lọ.

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ ti da ètò mi rú, ó sì yẹ kó dà á rú. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ̀, ó dà bí ẹni pé àṣìṣe ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ìwọ ń sọ ni pé irọ́ ni, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ. Lọ́dún 2002, Bent Flyvbjerg, olùwádìí ọmọ ilẹ̀ Denmark, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí iṣẹ́ ìrìnnà 258 ní orílẹ̀-èdè 20. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ju iye tí wọ́n dá lọ. Tí a bá pín in dọ́gba, ti reluwé fi ìdá 45 lé, ti afárá àti ihò abẹ́ ilẹ̀ fi 34 lé, ti títì fi 20 lé. Iṣẹ́ àádọ́rin ọdún ni wọ́n kó jọ, kò sì sàn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá jẹ́ àṣìṣe lásán ni, bí tàwọn kan ṣe ń lé ni tàwọn mìíràn á máa dín. Àṣìṣe wo ló ń ṣubú sápá kan ṣoṣo fún àádọ́rin ọdún? Cahill mọ ohun tó ń ṣe. Ihò ló fẹ́ gbẹ́ sílẹ̀, èyí tí ìjọba tó ń bọ̀ ò ní lè bò mọ́lẹ̀ láìtijú. Bákan náà ni alábàádíje rẹ tó pè é ní àádọ́fà.

Ìjọba Bírítéènì ti mọ èyí. Láti 2003 ni àwọn aláṣẹ ìṣúra wọn ti ní kí wọ́n máa bu owó lé ìdíyelé àkọ́kọ́ nítorí ìrètí àsọdùn, ìyẹn bí ẹni tó ń dá iye ṣe máa ń rò pé iṣẹ́ á rọrùn ju bó ṣe máa rí lọ. Láti 2009 ni NASA náà ti ní kí owó àti àkókò iṣẹ́ ńlá jẹ́ èyí tí ìrètí àtimú un ṣẹ tó ìdá 70. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe NASA, owó ilé lò ń wá. Nítorí náà, kọ iye kan fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, iye kan! Kí o wá kọ sábẹ́ rẹ̀, lójú ìwé kan náà, kì í ṣe sí ẹ̀yìn ìwé: ọjọ́ tí o dá iye náà, nọ́ńbà àwòrán tí o lò, iye tí o ra báàgì sìmẹ́ǹtì àti tọ́ọ̀nù irin kan sí, iye náírà tí o fi ṣẹ́ dọ́là kan. Lẹ́yìn náà ni kí o kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀: "A kò tíì yẹ ilẹ̀ wò, bí wọ́n bá ní ká gún òpó wọlẹ̀, owó rẹ̀ yàtọ̀." Fún un ní ìwé yẹn, kó mú un lọ bá oní-àádọ́fà, kó ní kí òun náà kọ tirẹ̀ báyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ ẹni tó ń ṣeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ buwọ́ lu kọ́ńtíráàtì ní May 2023 láìkọ iye dọ́là síbẹ̀, ṣé kí n sọ ó? Nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba nígbà yẹn. Kí June tó parí, ó ti lé ní ₦700. Nígbà tó fi di February 2024, ₦1,500 ni à ń gbọ́. Lífítì, jẹnẹrétọ̀, wáyà, táìsì, èwo ni kì í tẹ̀lé dọ́là? Àwọn tó ní àkọsílẹ̀ ìyípadà owó ọjà nínú kọ́ńtíráàtì wọn fara pa. Àwọn tí kò ní, ẹ lọ béèrè ibi tí wọ́n wà.

Alága ti ń na aago rẹ̀ sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sáré. T. P. Wright, ẹnjiníà bàálù l'Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 1936 pé bí iye bàálù tí ilé-iṣẹ́ kan ti ṣe bá di ìlọ́po méjì, ìpíndọ́gba wákàtí iṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá sí ìdá 80 ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ọwọ́ kan náà ló ń ṣe é. Ẹ má fi dá iye ilé ogójì nínú ẹ́sítéètì tí bíríkìlà ń yí padà lóṣooṣù. Space Shuttle, ọkọ̀ tí NASA fi ń gbé èèyàn lọ sójú sánmà tó sì ń padà wá: gbogbo ìṣirò pé ó máa pọ̀ọ́kú dúró lórí pé ó máa fò ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dún, 1985 tó fò jù, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni. Tiwa náà, sátẹ́láìtì NigComSat-1: ilẹ̀ China ló bá wa gbé e lọ ní May 2007, ní November 2008 agbára iná rẹ̀ ti kú. Ìbánigbófò ló jẹ́ ká rí NigComSat-1R gbà ní December 2011. Ìlà ìbánigbófò yẹn gan-an lẹ máa ń kọ́kọ́ gé nígbà tí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ dín owó kù.

Agbaṣẹ́ṣe àgbà kan ló gba ìbéèrè ìkẹyìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kọ owó àìròtẹ́lẹ̀ ìdá 10 síbẹ̀, oníbàárà á ní òun ni òun ni ín, òun á fi ra káàpẹ́ẹ̀tì."

Mo ní, ìdá 10 yẹn, ta ló fún yín? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní ìyẹn ló jẹ́ kó rí i gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ orúkọ ewu kọ̀ọ̀kan síwájú owó rẹ̀: omi abẹ́ ilẹ̀ báyìí, dọ́là báyìí, àwòrán tí ayàwòrán ò tíì fún wa báyìí. Ó rọrùn láti mú ìdá 10 lọ ra káàpẹ́ẹ̀tì. Kó wá buwọ́ lùwé pé owó omi abẹ́ ilẹ̀ lòun mú.

Ó ní òun á gbìyànjú rẹ̀ wò, àmọ́ oníbàárà tòun ò ní buwọ́ lu nǹkan kan. Mo ní kó fi ìyẹn náà kún àwọn ewu.