Kí Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà? Irinṣẹ́ àti Ètò Iṣẹ́ fún Ẹni Tó Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ṣe Orin Nílé

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀rọ̀ wa tòní kan ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nínú yàrá rẹ̀, yálà ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Peckham ní ìlú London, tó sì ń bi ara rẹ̀ pé èwo nínú àwọn irinṣẹ́ tó kún ọjà ni kí òun kọ́kọ́ rà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó má tíì ná owó rẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tó ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ti gidi, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a ń pè ní àìní irinṣẹ́ kì í ju ètò tí a kò tò dáadáa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi gángan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá so gbohùngbohùn mọ́ kọ̀ǹpútà láti gba ohùn gángan lé orí bíìtì, ohùn náà kì í wọlé kó sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ a máa kó o jọ ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, ìdìpọ̀ yìí sì ni wọ́n ń pè ní buffer. Ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe CD, ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìdìpọ̀ kan bá wá gba 1,024 nínú rẹ̀, ìdádúró tó bá a wá yóò tó ìdá 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ó lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ láàárín àkókò yẹn, ohùn á ti rin bíi mítà 8 nínú afẹ́fẹ́. Bí onílù bá fi hẹdifóònù sétí, yóò máa gbọ́ ìlù tirẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń lù ú láti ìkángun àgbàlá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òun ti kúrò lára awọ. A kò sì tíì ka ìdádúró ti ìgbà tí ohùn bá ń jáde padà. Bí ẹ bá dín ìdìpọ̀ náà kù sí 128, ọ̀nà yẹn yóò di bíi mítà kan péré, ara onílù á sì balẹ̀.

Kí ló wá dé tí a kò fi fi í sí 128 títí láé? Ìdí ni pé bí ìdìpọ̀ bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí kọ̀ǹpútà ní láti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ń kéré sí i, bí plugin (ètò kékeré tí a ń fi kún ètò orin láti pilẹ̀ ohùn tàbí láti tún un ṣe) bá sì pọ̀ lórí rẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á máa hó ṣaṣaṣa. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí a bá ń gba ohùn, ìdìpọ̀ kékeré àti plugin díẹ̀. Nígbà tí a bá ti gba ohùn tán tí a wá ń to orin, kí ìdìpọ̀ padà sí 1,024, kí a wá kó àwọn plugin tó wúwo jáde. Èyí tó bá ti parí nínú àwọn ohùn tí kọ̀ǹpútà ń pilẹ̀ ṣẹ̀dá, ẹ yí i padà sí fáìlì ohùn lásán, kí ẹ̀rọ lè sinmi lórí rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ti ta laptop rẹ̀ kí ó tó gbọ́ pé bọ́tìnnì kan ni ìyàtọ̀.

Ní ti ohùn fúnra rẹ̀, ẹ wo log drum, ohùn báàsì tó ń dún bí ìlù, tó gba ìgboro kan láti South Africa wá sí Èkó nínú amapiano: inú DX10, plugin kékeré kan tó ń bá FL Studio, ètò tí a fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, wá, ni wọ́n ti ń fà á yọ. Kò sí ẹni tó ra ẹ̀rọ olówó iyebíye kí ó tó rí i.

Ibi tí owó yẹ kó lọ ni etí. Ẹni tó ń gba ohùn nílò hẹdifóònù tó bo etí pinpin, kí bíìtì má baà jò wọ inú gbohùngbohùn. Fún títo orin, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí máa ń sọ òótọ́ jù. Sípíkà lè dúró ná. Ohùn báàsì tó wà ní 50 Hz (ìyẹn ìgbì 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) gùn tó mítà 7 láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbì kan sí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, nínú yàrá tí kò ju mítà 3 lọ, á kóra jọ sí igun kan, á sì pòórá ní ibòmíràn, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ẹ ó gbàgbọ́. Ní ti kíréètì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń ta ẹyin. Kò lè ṣe nǹkan kan fún báàsì, iná sì lè tètè ràn án.

Iná ọba náà ní ohùn tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, 50 Hz ni ó ń lù, ohùn G ìsàlẹ̀ lórí dùùrù sì wà ní 49 Hz, nítorí náà bí ìhunrun bá wọ inú ohùn tí ẹ gbà, ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ báàsì títí orin yóò fi dákẹ́. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára laptop, kí ẹ fi bátìrì gba ohùn. Interface, ìyẹn àpótí tí a fi ń so gbohùngbohùn mọ́ kọ̀ǹpútà, tó bá ń gba agbára láti ara USB kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ gan-an ni ohùn máa ń mọ́ jù, ìyẹn bí aládùúgbò kò bá tíì tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.